Mo Lọ Wá Àwọ̀ Jíìpù Kan ní Ilẹ̀ Kétu

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Ìkàrẹ́, ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: kí ni mo jẹ níbẹ̀, ṣé wọ́n gbọ́ Yorùbá, kí sì ni mo mú bọ̀. Mo jẹun débi pé aṣọ fún mọ́ mi lára. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, àní wọ́n gbọ́ èyí tí àwa ti gbàgbé. Ohun tí mo mú bọ̀ ni agolo mílíìkì kan tí ọ̀dà ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀. Ìyá mi fẹ́ sọ ọ́ nù ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo sì figbe ta débi pé ẹ̀rù bà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ má baà rò pé ìrìn-àjò ti yí mi lórí.

Ẹ mọ̀ mí. Mo ka kẹ́mísìrì, mo sin ìjọba tán, iṣẹ́ kò sí, mo sì ń bá wọn po ọ̀dà ọkọ̀ ní ìsọ̀ kan ní Àkúrẹ́. Ẹ tún mọ̀ pé ẹ̀rù tètè máa ń bà mí. Bí ẹnìkan bá ní kí n wá, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti máa ń ro gbogbo ohun tí mo lè ti ṣe tí kò dára. Nígbà tí Àǹtí Sàlámọ̀, àbúrò bàbá mi, pè mí láti Kétu tó wà lódìkejì ààlà, ní ilẹ̀ àwọn elédè Faransé, níbi tó ti ń ta páànù àti ìṣó kí wọ́n tó bí mi, tó ní òun ti bá mi rí iṣẹ́, inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan péré. Lẹ́yìn náà ló sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́.

Jíìpù ológun àtijọ́ kan wà ní Idigny, abúlé kan nítòsí Kétu, láàárín àwọn àgbẹ̀. Ẹni tó ni ín ti ṣe awakọ̀ ṣọ́jà nígbà èwe rẹ̀, ó sì rà á nígbà tí àwọn ológun ń ta èyí tí wọn kò lò mọ́. Láti ìgbà náà, wọ́n ti kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ní báyìí ojú bàbá náà ń ṣú. Ọ̀tún ti kú, òsì ń tẹ̀lé e lọ, dókítà sì ti sọ pé èyí tó bá ti lọ kò ní padà. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá bèèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀: kí wọ́n dá jíìpù náà padà sí àwọ̀ tó ní lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ gbé e wálé, kí òun tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú tó kú tán.

"Mo ti sọ fún wọn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè po àwọ̀ ojú ọ̀run," ni Àǹtí mi wí.

"Àǹtí, ẹ ti sọ fún wọn kẹ̀?"

"Mo ti sọ. Má dójú tì mí o."

Ìlárà

N kò ní sọ ti ọkọ̀ tí mo wọ̀ tàbí bí ẹ̀yìn ṣe ro mí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé láti Ìkàrẹ́ títí dé ẹnu ààlà ni mo ń kọ́ Faransé nínú ọkàn mi. Mo ti há gbólóhùn mẹ́rin sórí. Mo ń sọ wọ́n lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin tó jókòó tì mí fi ń ṣe àmín.

Nígbà tí a dé Ìlárà, tí ààlà gba àárín àwọn ènìyàn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, mo lọ bá ìyá àgbà kan tó ń din àkàrà. Mo tún ohùn mi ṣe dáadáa. "Bọ́ńjúù, màdáámù."

Ìyá náà gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé òyìnbó ló bí ọ ni?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo fẹ́ ṣàlàyé irú ìtìjú náà, nítorí mo rò ó títí. Kì í ṣe pé wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti múra láti jẹ́ àjèjì, mo ti wọ àjèjì bí aṣọ, àwọn ènìyàn náà sì ní kí n bọ́ ọ sílẹ̀ kí n jókòó. Mo ra àkàrà, ó sì fi méjì lé e fún mi. Ó ní ti ẹnu òyìnbó nìyẹn.

Omi àlejò

Mo sùn nílé Àǹtí mi ní Kétu lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, pupa tó ń wọ aṣọ tí kì í sì í jáde. Àǹtí ro ọkà àgbàdo fún mi, ó sì kó wàgáṣì lé ọbẹ̀ náà lórí, ìyẹn wàrà tí àwọn Fúlàní fi ewé kùn ní pupa, tó le díẹ̀, tó sì ń dún lẹ́nu bí èèyàn bá ń jẹ ẹ́. Mo jẹ mẹ́fà. Àǹtí ń sọ Yorùbá Ìkàrẹ́ fún mi, ó ń sọ Fọ̀n fún oníbàárà, ó sì ń fi Faransé bínú. Mo ronú pé bóyá bí èèyàn ṣe ń di ará ibì kan nìyẹn: ọjọ́ tó bá ti ń fi èdè wọn bínú.

Ní òwúrọ̀, ọmọ bàbá náà wá gbé mi pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀. Bónífáàsì ni orúkọ rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, irun orí rẹ̀ ti ń funfun, wọ́n sì ní kí n máa pè é ní fofó, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀. Mo gbé agolo ọ̀dà sáàárín àwa méjèèjì. Bí a ṣe ń gba ojú ọ̀nà igbó lọ, láàárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ó ń kígbe sí gbogbo ẹni tí a bá pàdé: "Dótóò ọ̀dà rèé o! Láti Náíjíríà!" Dótóò ni wọ́n ń pe dókítà. Kí a tó dé Idigny, mo ti gboyè.

Ìyá Bónífáàsì ló jáde wá pàdé wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rìn kíákíá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó gbé igbá omi fún mi, ó sì padà jókòó. Bàbá jókòó sórí àga abẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Ṣọ́jà ni gbogbo abúlé ń pè é. Mo gbá igbá náà mú. Omi náà mọ́, ṣùgbọ́n mo ń rò nípa inú mi, ọ̀nà tó jìn, àti ibi tí ilé ìgbẹ́ wà. Wọ́n ń wò mí. Mo rò pé wọ́n ti rí i pé n kò mọ nǹkankan. Ó pẹ́ gan-an.

Fofó wá sún mọ́ etí mi. "Mu ún. Bí o kò bá mu ún, a ò lè bi ọ́ ní ohun tó gbé ọ wá. A ó jókòó síbí títí di ọdún tó ń bọ̀."

Mo gbé e mu, mo mu ún tán. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá ké lójijì: "Gadavú!"

Mo fò dìde, apá mi lẹ̀ mọ́ ìhà mi. Àṣẹ tí wọ́n fi ń mú ṣọ́jà dúró gbọnrangandan ni. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Ó gbọ́ràn," ló wí. "Ẹ gbé oúnjẹ fún un."

Ìgbẹ́ màlúù ìgbà òjò

Nínú yàrá wọn, níbi tí mo ti jẹun, àwòrán ìgbéyàwó kan wà lára ògiri. Bàbá wọ kóòtù, Ìyá wọ aṣọ funfun, jíìpù sì wà lẹ́yìn wọn. Mo rò pé mo ti rí àwọ̀ náà. Mo sáré súnmọ́ ọn. Dúdú àti funfun ni àwòrán náà. Jíìpù rí bí eérú, ọ̀run rí bí eérú, Ìyá nìkan ló ń tàn.

Fofó ká tápólì kúrò lórí jíìpù náà. Mo fi sáńpépà ha ojú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi lára ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn àwọ̀ sì jáde ní òrùka-òrùka bí àlùbọ́sà tí a gé: funfun ìgbà tó ń gbé aláìsàn, búlúù ìgbà tó ń kó iṣu lọ sọ́jà, pupa ọdún tí Fofó ń kọ́ṣẹ́ tó sì fi jíìpù bàbá rẹ̀ dánra wò. Lẹ́yìn pupa, irin lásán. Fofó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní wọ́n kọ́ òun pé kí òun ha ti àtijọ́ kúrò kí òun tó kun tuntun, òun sì gbọ́ràn.

Àwọn aládùúgbò ti pé. Gbogbo wọn ló mọ àwọ̀ náà.

"Ewé ẹ̀gẹ́ gan-an ni," ni ọkùnrin kan wí.

"Ewé ẹ̀gẹ́ kẹ̀? Ìgbẹ́ màlúù ìgbà òjò ni."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ìgbẹ́? Ṣé wọ́n ti bí ọ nígbà náà?"

"Ọbẹ̀ ilá tó sùn mọ́jú ni," ni Ìyá ké láti ibi ìdáná.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá gbé e sínú igbó, ẹ ó kọjá lára rẹ̀. Àwọ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun ni."

N kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Àwọ̀ tí wọ́n ṣe kí ojú má baà rí i ni ọkùnrin yìí fẹ́ fi ìyókù ojú rẹ̀ wò. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n mo ti mu omi wọn, n kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ó ń yọ mí lẹ́nu.

Abẹ́ ìjókòó

Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní Àkúrẹ́ ni pé oòrùn máa ń jẹ ọ̀dà. Bí o bá fẹ́ rí àwọ̀ tòótọ́, wá a níbi tí oòrùn kò dé rí. Nítorí náà mo wọ abẹ́ ìjókòó awakọ̀ bí aláǹgbá. Ó wà níbẹ̀! Àwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò kùn bò, ó dúdú, ó rí bí ewé tó ti jẹrà díẹ̀. Mo rí i lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù náà, bákan náà ló rí. Mo jáde pẹ̀lú aláǹtakùn lórí, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pò ó. Àwọn aládùúgbò gbé àga wá. Nígbà tí mo da ọ̀dà dúdú sínú ọ̀dà tó pọ́n bí ìyeyè, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé lójú wọn, ọkùnrin elẹ́wé ẹ̀gẹ́ dìde dúró. "Ewé dà níbẹ̀? Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò fi ewé kankan sí i!" Mo ń kùn ún sára pátákó díẹ̀díẹ̀, mo ń jẹ́ kó gbẹ, nítorí ọ̀dà tútù máa ń parọ́. Mo ń wò ó nínú oòrùn, mo ń wò ó lábẹ́ igi. Nígbà tó wá bá èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó mu, Fofó fọ́n ọn sára bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n mú Bàbá wá. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ tó rí ọkà, ó gbé ojú òsì rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó wò ó títí.

"Ọkọ̀ ta nìyí?" ló bèèrè.

Bàbá tún tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

"Ó dára. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Tèmi kò ṣókùnkùn báyìí." Ó sún sẹ́yìn, ó wá ọ̀pá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. "Ẹ kùn ún lọ bẹ́ẹ̀. Bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Dótóò ti ṣe é débi tó lè ṣe é dé."

Ìbá sàn fún mi kó bú mi. Fofó fà mí sẹ́yìn jíìpù. "Ojú Bàbá ni," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Gbogbo nǹkan ló ti ń ṣókùnkùn lójú rẹ̀. Jẹ́ ká kùn ún tán, kó o máa lọ sílé." Àǹtí mi náà pè. "Ṣé ó ti parí? Mo ti ń sọ fún àwọn ará ọjà." Mo ní ó kù díẹ̀.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti dá ojú tó ń kú lẹ́bi. Mo sọ fún ara mi pé mo tẹ̀lé ohun tí mo kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọlé sínú mi. Ẹni tí gbogbo nǹkan ń ṣókùnkùn lójú rẹ̀, ó yẹ kó ti mọ̀ ọ́n lára. Kò yẹ kó jẹ́ jíìpù nìkan ni yóò ṣókùnkùn jù.

Mo padà sábẹ́ ìjókòó. Mo rẹ àkísà nínú tínà tí a fi ń fọ ọ̀dà, mo sì fi nu ibẹ̀ dáadáa. Àkísà náà jáde pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀. Mo gbé e sí imú. Lábẹ́ òórùn tínà, mo gbọ́ òórùn kan tí mo mọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn ìyá mi.

Àdín ni.

Ara ọmọ tuntun

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi àdín pa ọkọ̀ yìí?"

Ìyá ń bó ẹ̀gẹ́. Kò tilẹ̀ dúró. "Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Nígbà wo?"

"Gbogbo ọyẹ́. Láti ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé yìí." Ó fi ọ̀bẹ tọ́ka sí jíìpù. "O ò rí i bó ṣe rí nígbà náà. Kò dán rárá! Ó rí bí ara ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò fi nǹkan pa. Àwọn obìnrin abúlé ń wò mí, wọ́n ń sọ pé ọkọ mi gbé ọkọ̀ tó ń họra wálé. Bí Bàbá Bónífáàsì bá ti lọ sóko, mo máa ń gbé àdín, mo máa ń pa á níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n kun òde rẹ̀, mo ń pa abẹ́ rẹ̀, kó má baà dípẹtà. Abẹ́ ìjókòó, ẹ̀yìn ibi aago. Gbogbo kọ̀rọ̀."

Mo ṣàlàyé fún un, jẹ́ẹ́jẹ́, pé ọ̀dà ológun kì í dán nítorí kí ọ̀tá má baà rí i, àti pé àdín dúdú ti wọ inú ọ̀dà náà bí omi ṣe ń wọ gàrí. Kò sí tínà tó lè fà á jáde mọ́. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè," ló wí. "Èmi ni mo pa á láró."

Bàbá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti abẹ́ igi máńgòrò. Èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé inú ń bí i. Ẹ̀rín ló ń rín. "Abájọ! Abájọ tí eṣinṣin fi ń sìn mí lọ sọ́jà ní gbogbo ọdún yẹn! Obìnrin yìí, ọkọ̀ ogun lo wẹ̀ bí ọmọ!"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, àwòrán ìgbéyàwó wọn ló gbé mọ́ àyà.

"Páálí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀," ló wí. "Ikán jẹ ẹ́ kí oṣù méjì tó pé. Bàbá wá tú irin pẹlẹbẹ kan lára jíìpù, èyí tí kò wúlò, ó fi gọ́ọ̀mù tí mo fi ẹ̀gẹ́ sè lẹ àwòrán mọ́ ọn. Ọyẹ́ kò tíì dé. N kò tíì fi àdín kàn án."

Mo yí i padà. Ọ̀rinrin ògiri ti jẹ ẹ̀yìn irin náà, ó ti dípẹtà pátápátá. Bí àwọ̀ bá wà, iwájú ló wà, lábẹ́ àwòrán gan-an, níbi tí oòrùn àti àdín kò dé. Mo dá a padà fún un.

"Ìyá, rárá. Òun nìkan ni ẹ ní. Ó lè ya."

"Ta ló ń rí i?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí Bàbá má baà gbọ́. "Ó ti tó ọdún méjì tí kò rí i mọ́. Ó kéré jù fún ojú rẹ̀. Á dúró níwájú rẹ̀, á ní, 'Bó ṣe wà náà ló wà,' èmi á sì ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Jíìpù tóbi. Á rí jíìpù."

Bàtà àyálò

Igun kan péré ni mo nílò, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tó fẹ́ gé ẹran ọdún.

"Bó o láti ọ̀dọ̀ tèmi," ló wí. "Má fọwọ́ kan ọ̀dọ̀ tirẹ̀."

Mo ki aṣọ bọ omi gbígbóná, mo gbé e lé igun ìsàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ Ìyá wà nínú bàtà funfun. Fofó di ìgunpá mi mú. Gọ́ọ̀mù ẹ̀gẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó wá ya. Bàtà méjèèjì lọ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n di nǹkan rírọ̀ lábẹ́ ìka mi. N kò lè gbójú sókè. Mo ń sọ pé ẹ dákun, ẹ dákun.

"Bàtà yẹn?" ni Ìyá wí. "Mo yá a ni. Jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín."

Lábẹ́ ibẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti fi omi nù ún, àwọ̀ náà wà. Kò dúdú, kò tutù bí ewé. Ó rí bí koríko tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn. Mo ṣẹ́jú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Inú agolo mílíìkì tí Ìyá fún mi ni mo ti kọ́kọ́ pò ó, ọ̀dà tó pọ́n bí ìyeyè lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀kán dúdú kan, ẹ̀kán funfun, ẹ̀kán pupa tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Fofó ha jíìpù náà, ó sì fọ́n ọn, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan pa á.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e, a tì í sí abẹ́ igi máńgòrò. Bàbá jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò súnmọ́ ọn. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti ń múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkàn mi nígbà tí mo rí i tó sọ ọ̀pá náà sílẹ̀, tó da gìgísẹ̀ pọ̀, tó sì gbé ọwọ́ sí iwájú orí, bí ṣọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá.

Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wá kọjú sí ibi tó rò pé mo wà. "Rẹpó," ló wí. Àṣẹ tí wọ́n fi ń sọ fún ṣọ́jà pé kó sinmi ni. "Rẹpó, ọmọ mi." N kò mọ̀ pé mo ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ tí mo ti dé, àfi ìgbà tí mo dẹ́kun.

Mo bẹ Ìyá kó dúró ti jíìpù náà kí n fi fóònù ya àwòrán mìíràn fún wọn. Ó ní òun kò múra. Bàbá ti ń darí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Sún sọ́tùn-ún. Ó tún kù díẹ̀. Ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lo dúró lọ́jọ́sí."

"Kí ẹsẹ̀ mi má hàn o," ni Ìyá wí fún mi.

"Ìyá, gbèsè ẹsẹ̀ ni mo jẹ yín."

Ó rò ó wò. Ó wá bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ jíìpù, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ pupa náà.

"Ti ọjọ́sí, bàtà àyálò ni," ló wí. "Ya èyí. Tèmi ni."